Agbéhó Ìlú Àdágún

Omi dé orúnkún Ọdẹ́gbàmí nínú kòtò tó wà lábẹ́ àpótí dígí ọba, tí omi dígí náà ń ṣàn gbà kọjá, ó sì ń fi ìka wọn bí omi náà ṣe jìn tó. Ó ti kó ẹrẹ̀ kòtò náà jáde ní igbá mẹ́rìnlélógún. Ó ti fi òkúta tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Iyọ̀ ti mú kí aṣọ ọdẹ rẹ̀ gan bí pátákó. Lókè orí rẹ̀, nínú dígí tó gùn tó ìbú ààfin, ọ̀ọ́dúnrún ẹja funfun ń yọ ẹnu sí ojú omi tó ti di ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

"Ọdẹ o," ni Ẹ̀yìnlójú wí láti orí àkàbà. Òun ni ọba fi ṣọ́ ọ. "Ẹja mìíràn tún ti kú. Ṣé kì í ṣe tìrẹ?"

Ọdẹ́gbàmí kò gbójú sókè. "Bó bá jẹ́ tèmi, ara mi ì bá ti sọ fún mi. Gbé òkúta pẹlẹbẹ yẹn wá."

"Èmi? Olóyè ni mí o."

"Olóyè tí kò lè gbé òkúta, kí ló ń fi apá ṣe?"

Ẹ̀yìnlójú rojú, ṣùgbọ́n ó gbé òkúta náà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti bá ẹfọ̀n jìjàdù inú ihò kan ṣoṣo nígbà òjò, ẹfọ̀n ló bọ́ síta, èmi ni mo sùn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ kòtò tí Ọdẹ́gbàmí dúró sí yẹn, ilé ni n óò sá wá. Ọkùnrin kì í ṣàdédé wọ irú ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wà lókè orí rẹ̀ nínú dígí.

Àyọ̀ká ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó lọ fọ ìkòkò létí ọ̀sà oníyọ̀ ní ọ̀sán gangan, ó bẹ̀rẹ̀, òjìji rẹ̀ bọ́ sórí omi, omi sì pa dé lé e. Òjìji náà rì bí òkúta. Ọmọ gbé ìkòkò dé ilé, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó la ojú sílẹ̀, kò jẹ, kò mu, kò fọhùn. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú oòrùn, oòrùn gba ara rẹ̀ kọjá lọ bá ilẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá Ọdẹ́gbàmí wò ó, ó ní, "Àwọn ará Àdágún ni. Wọn kò ní òjìji tiwọn, ti ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń jí sìn bí ẹja, wọ́n fi ń ṣe ìran wò. Bí ẹja bá kú lọ́hùn-ún, ọmọ kú nílé nìyẹn."

Ó da àdín dúdú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa Ọdẹ́gbàmí lára láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ibi tí àdín bá wà lára rẹ, ọwọ́ wọn kò ní rí òjìji dì mú níbẹ̀. Ibi tí kò bá sí, wọn óò mú un. Má wẹ̀ títí o óò fi padà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá mi."

"O kò gbọ́. Ọmọ rẹ lò ń wò. Tún un sọ fún mi."

Ó tún un sọ, ó sì lọ.

Igbó Oníyọ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Níbẹ̀, iyọ̀ ń rọ̀ láti ojú ọ̀run bí ìkùukùu ọyẹ́, láìdún rárá, gbogbo igi sì funfun bí egungun. Àwọn igi náà ń fi ohùn òkú ilé ẹni pe oríkì ẹni. Ẹni tó bá lá ètè rẹ̀ níbẹ̀, yóò gbàgbé ilé. Ọdẹ́gbàmí fi ọ̀já di ẹnu, ó ń lọ. Ó rí àwọn ọdẹ tó ti lọ ṣáájú rẹ̀, wọ́n jókòó sí ìdí igi, ìbọn wà lórí itan wọn, iyọ̀ ti bò wọ́n dé àyà, wọ́n ń lá ètè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn na ìka sí i.

"Ará ilé," ló wí jẹ́jẹ́, "jọ̀ọ́, kí ni orúkọ mi?"

Ọdẹ́gbàmí kò mọ̀ ọ́n. Ó kọjá. Ọkùnrin náà tún bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí i, bó ti wù kí ó rìn tó. Akínṣọlá, ìwọ tó ń mi orí níbẹ̀ yẹn, ó dára láti máa mi orí lórí àga. Ìgbà tí òkú bá bi ọ́ ní orúkọ rẹ̀ la óò mọ̀ bóyá orí yẹn ṣì ṣeé mì.

Ìlú Àdágún kò ní òru, kò ní ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, inú dígí ààfin ló ti ń jáde wá, ó sì ti ń pọ́n bí ojú aláìsàn. Àwọn ará ìlú ń rìn, ẹsẹ̀ wọn kò dún. Wọ́n ya fún un lọ́nà, ojú wọn kò kúrò ní ilẹ̀ níbi tí òjìji rẹ̀ wà, bí ajá ṣe ń wo eegun.

Ọba wọn, Aládàágún, jókòó síwájú dígí. Awọ ọwọ́ rẹ̀ hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nínú omi, ohùn rẹ̀ sì ń ró bí omi inú kèrègbè.

"Ọmọ rẹ wà níbẹ̀," ló wí kí Ọdẹ́gbàmí tó dọ̀bálẹ̀ tán. "Èmi náà kò mọ èwo ni. Omi mi ń kú, ọdẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ti da gbogbo rẹ̀ nù, tí a pọn tuntun. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìdajì ẹja ló ń bá a lọ."

Ọdẹ́gbàmí na ìka sí dígí. Ẹni tí kì í da omi ìfọwọ́ nù láìfi rin ewébẹ̀ ni. "Kábíyèsí, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù? Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ kì í gé ẹsẹ̀ sọnù. Ìdọ̀tí ni kí ẹ yọ, kí ẹ fi omi sílẹ̀."

"Nígbà náà, yọ ọ́." Ọba gbé igbá kan tó kún fún omi kọ́ sókè. Ihò kan wà ní ìdí rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. "Bí omi mi bá mọ́ kí igbá yìí tó gbẹ, ìwọ yóò na ọwọ́ mú ẹja kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí o bá mú ni tìrẹ, ì báà jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí igbá bá gbẹ ná, òjìji rẹ yóò wọ inú dígí lọ bá ti ọmọ rẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe fà á lé Ẹ̀yìnlójú lọ́wọ́, olùṣọ́ yàrá ẹrù. Ojú ọkùnrin yìí wà ní ìpàkọ́. Bó bá fẹ́ wo ènìyàn, ògiri ló ń kọjú sí. Ó mú Ọdẹ́gbàmí wọ yàrá kan tó kún fún eruku, ó sì fi hàn án ní agbéhó mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí agbéhó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbéèrè dá mi dúró. Ọ̀pá gbọọrọ ni, inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n so ìjì kékeré kan mọ́ ìdí rẹ̀. Ìjì náà ń na omi oníyọ̀ títí yóò fi hó kíkankíkan. Ìdọ̀tí tí ojú kò rí á lẹ̀ mọ́ ìhó, ìhó á gun ọ̀pá náà dé ọrùn, á sì dà sínú ife kan tó wà lórí rẹ̀. Ẹ da ife nù, ìdọ̀tí lọ, omi kù. Nínú omi odò lásán kì í ṣiṣẹ́. Omi iyọ̀ nìkan ló ń hó bẹ́ẹ̀.

Èkíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ idẹ dídán, ó ga tó ọ̀pẹ. Èkejì kò ju ìgò epo lọ, ìlẹ̀kẹ̀ yí i ká. Ẹ̀kẹta kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ó nípọn tó itan àgbàlagbà, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìjì inú rẹ̀ sì ká jọ, ó ń hanrun.

"Dúró," ni Ẹ̀yìnlójú wí fún ògiri. "Kí lò ń wọ̀n kí o tó ra fìlà?"

"Orí ẹni tó máa dé e."

"Kí lo máa wọ̀n kí o tó mú agbéhó? Ẹni tó dáhùn tẹ́lẹ̀ ní omi ni. Òun nìyẹn." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òkìtì iyọ̀ kan tó dà bí ẹni tó lóṣòó sí igun yàrá.

Ọdẹ́gbàmí ronú. Omi kì í sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́gbin. "Ẹnu ni," ló wí. "Iye ẹnu tó ń jẹun nínú omi, àti iye oúnjẹ tí òmùgọ̀ ń dà sí i. Lẹ́yìn náà, n óò wọn àyè tí yóò dúró sí."

Ẹ̀yìnlójú pòṣé. "Ta lo ń pè ní òmùgọ̀?"

"Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?"

"Èmi ni. Agbọ̀n méje lẹ́ẹ̀kan. Ará ìlú fẹ́ràn láti máa rí bí wọ́n ṣe ń jà sí i."

"Èmi kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó ti fi ìbọn rẹ̀ wọn kòtò kó tó wọ yàrá ẹrù: ìbọn kan àti ìbú ọwọ́ kan ni àyè tó wà láàárín ìsàlẹ̀ kòtò àti ìdí dígí. Onídẹ yóò wọlé bí a bá dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ife tí a kò lè yọ, ta ni yóò dà á nù? Onílẹ̀kẹ̀ kò tó ju ẹja márùn-ún lọ. Ẹ̀kẹta, tí kò ga tó ìbọn, ló mú. Bó ṣe ń gbé e jáde, ó rí i pé oúnjẹ ẹja tó wà nínú agbọ̀n, ìwé ni wọ́n fi dì í, ìwé náà sì ní àwòrán ọ̀pá kan lára.

"Kí nìyí?"

"Ìwé tó bá agbéhó wá. Bébà tó dára ni, kì í tètè ya."

"Ẹ kò kà á?"

"Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa kà á ni?"

Ọdẹ́gbàmí kò tíì jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ rí. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú òkèèrè, tí òun náà ń kọ ìdáhùn rẹ̀ padà lóṣooṣù, ló fi di ọ̀mọ̀wé. Inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dùn bó bá rí ìwé lára oúnjẹ ẹja. Ó tú gbogbo ìdì tó rí, ó tẹ́ bébà wọn sílẹ̀, ó kà wọ́n. Ojú ìwé mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Mẹ́ta ló rí. Ẹ̀kẹrin ti bá oúnjẹ wọ inú omi lọ.

Ó pàṣẹ pé kí oúnjẹ agbọ̀n méje di ẹ̀kúnwọ́ kan.

"Wọ́n á ní ahun ni wá!" ni Ẹ̀yìnlójú ké.

"Oúnjẹ tí a kò jẹ tán, ìdọ̀tí ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan."

Nígbà náà ló wọ kòtò, tí ó kó ẹrẹ̀, tí ó sì tẹ́ òkúta bí mo ṣe sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kìn-ín-ní ní kí omi tó yí ìdí agbéhó ká má jìn jù, kó má sì fà jù. Ó kọ́kọ́ jìn jù: ife kún fún omi lásán ní ìṣẹ́jú kan, ó dà sí i lórí, Ẹ̀yìnlójú rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ já bọ́ lórí àkàbà. Ó fi òkúta pẹlẹbẹ gbé agbéhó sókè. Ojú ìwé kejì ní kí a má ṣí ẹnu afẹ́fẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìjì jí, ó fín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na omi, ọ̀pá náà sì funfun bí wàrà. Ojú ìwé kẹta ní agbéhó tuntun kì í gba ìhó lójú ẹsẹ̀, kí a jókòó, kí a dúró dè é. Ó jáde kúrò nínú omi, ó jókòó sí etí kòtò. Ó dúró.

Ìhó gùn. Ó dé àárín, ó dé ìsàlẹ̀ ọrùn, ó nípọn, ó pọ́n díẹ̀. Ọdẹ́gbàmí na ọwọ́ láti tún ẹnu afẹ́fẹ́ ṣe. Bí ìka rẹ̀ ṣe kan omi, ìhó rọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n pa ọfọ̀ fún. Kò ku ẹyọ kan.

Ó tún dúró. Ó tún gùn. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó tún kú. Ní ìgbà kẹta, Ẹ̀yìnlójú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yí ìpàkọ́ sí igbá ọba, ó ní, "Ọdẹ, omi tó kù nínú ìyẹn kò tó ẹni fọjú." Ẹja mẹ́rin léfòó, wọ́n yí ikùn sókè. Ní ibìkan, ní ilé mẹ́rin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ọdẹ́gbàmí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń dán. Lójijì, ó rántí ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò, pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó tó sì ń dà sórí iná. Kì í fa iná yọ, kì í sì í gbé ìkòkò kalẹ̀. Epo díẹ̀ ló ń kán sí i, ìhó á sì wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Epo ni ọ̀tá ìhó! Ohun tó ní láti wà ní ojú ìwé kẹrin tó sọnù nìyẹn: kí ọlọ́wọ́ epo má fọwọ́ kàn án. Àdín ìyá rẹ̀ ló ń pa ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó ń dáàbò bo bàbá ló ń pa ọmọ. Ẹ sọ fún mi bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ọdẹ́gbàmí kò dúró dè yín. Ó bu eérú àti iyanrìn, nítorí pé ọṣẹ pàápàá kò gbọdọ̀ kan irú omi bẹ́ẹ̀. Ó fi ha ọwọ́ méjèèjì láti orí èékánná dé ìgúnpá, kò sì fi ìka kan kọjá ìgúnpá, nítorí kò sí ohun tí yóò fi apá ṣe nínú omi. Ẹni tó fẹ́ fi nǹkan rúbọ, kó wọ̀n ọ́n kó má ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Awọ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó funfun.

Gbogbo ìlú mọ̀. Láìdún ẹsẹ̀, wọ́n wá yí kòtò ká, wọ́n lóṣòó. Ohun tútù kan wọ inú ìka Ọdẹ́gbàmí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Kò dùn ún. Èyí gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Kò wo ilẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó tún ẹnu afẹ́fẹ́ ṣe, ó tẹ ife mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì yọ ọwọ́.

Ìhó kò kú.

Ó gun ọrùn, ó ń wú, ó dúdú bí omi èlùbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí etí ife bọ́ sínú rẹ̀. Bó ṣe ń bọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni, ohùn ọmọdé àti àgbà. "Ẹ sọ fún ìyá mi pé mi ò sálọ." "Ṣé wọ́n ti ta ewúrẹ́ mi?" "Òtútù ń mú mi." Gbogbo ohun tí àwọn ẹja náà ti sọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, òun ló kó jọ sínú omi, òun ló ń pa wọ́n. Ọdẹ́gbàmí gbé ife jáde, ó dà á sí ẹ̀yìn ààfin. Koríko ibẹ̀ funfun, ó kú. Ó fọ ife, ó dá a padà. Ìgbà mẹ́sàn-án ló dà á. Ní ìgbà kẹsàn-án, ohun tó wà nínú ife kò fọhùn mọ́, ìmọ́lẹ̀ inú dígí sì mọ́ kedere.

Aládàágún gbójú sókè wo igbá rẹ̀. Ẹ̀kán kan ló kù, ó rọ̀ sí ìdí igbá, kò tíì jábọ́.

"Ó mọ́," lọba wí. "Wá mú tìrẹ."

Àwọn ẹja náà jọra bí ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìnlójú sún mọ́ ọn, ó ń yọ̀. "Ọdẹ o! O mọ ẹran nínú igbó, ṣé o mọ ẹja nínú omi? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o."

Ọdẹ́gbàmí ní, "Oúnjẹ wọn dà? Ẹ̀kúnwọ́ kan."

Ó fọ́n ọn sójú omi. Gbogbo ẹja ya bò ó, wọ́n ń gbá ara wọn nírù, wọ́n ń jà. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ẹja kan kò mira. Ebi hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lórí oúnjẹ, ojú rẹ̀ wà lójú Ọdẹ́gbàmí, ó ń dúró.

Nítorí ní ilé Ọdẹ́gbàmí, ọmọ kì í jẹun níta kí bàbá tó fi ojú sọ fún un pé kó jẹ. Ó ti bá Àyọ̀ká wí lórí èyí títí ọmọ fi sunkún rí. Nínú omi ẹlẹ́gbin tẹ́lẹ̀, kò sí ojú tí ì bá rí ojú.

Ó ṣẹ́jú fún un lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ẹja náà gbéra, ó jẹ èérún kan, ó sì wá sí ọwọ́ rẹ̀. Ó fi igbá bu ú pẹ̀lú omi díẹ̀.

"Àwọn yòókù ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Ẹyọ kan la sọ."

"Ta ni yóò máa da ife nù bí mo bá lọ? Ẹ̀yìnlójú?"

Ọba rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "A ti rí ọwọ́ fún un," ló wí, ó sì na ìka sí kòtò.

Ọdẹ́gbàmí wò. Lára ògiri kòtò, òjìji ọwọ́ méjì, láti èékánná dé ìgúnpá, ń yọ ife jẹ́jẹ́ kúrò lórí agbéhó. Wọ́n kò da omi kankan sílẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n. Nínú dígí, ẹja kankan kò yí ikùn sókè mọ́.

"Kí wọ́n má fún wọn ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ," ló wí, ó sì jáde.

Ó fi ọ̀já di ẹnu, ó gba inú Igbó Oníyọ̀ kọjá, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọdẹ ìdí igi tún bi í ní orúkọ rẹ̀, kò dúró. Níbi tí igi funfun ti parí, oòrùn ilé wa bọ́ sí i lára, ẹja inú igbá dúdú, ó fẹ́lẹ́, ó sì ṣàn jáde bọ́ sílẹ̀ bí òjìji ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọdẹ́gbàmí wo ilẹ̀ wàyí. Òjìji rẹ̀ dúró níbẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì gé sí ìgúnpá, òjìji igbá ń léfòó síwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó gbé e.

Òjìji ọmọ náà na ọwọ́ sókè láti di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ó wá a, kò rí i. Ó wá a ní apá kejì. Lẹ́yìn náà, ó di etí aṣọ òjìji náà mú ṣinṣin, àwọn méjèèjì sì kọrí sí ọ̀nà ilé.